Ta Ló Fa Chiêu Quân Kalẹ̀? Ìdáhùn fún Ẹni Tó Ń Ka Truyện Kiều

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa mélòó kan ń ka Truyện Kiều, ewì ìtàn gígùn tí Nguyễn Du ará Vietnam kọ, pa pọ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, a sì ń gbìyànjú láti sọ àwọn ibì kan níbẹ̀ di Yorùbá kí a lè kà á sókè fún àwọn èèyàn wa. A dé ibi tí Kiều, ọmọbìnrin tí ìtàn náà dá lé, ti ń ta ohun èlò orin fún olólùfẹ́ rẹ̀, Kim Trọng, la bá pàdé obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Chiêu Quân. Ohun tí a rí kà ni pé arẹwà ààfin Ṣáínà ni, àti pé ayàwòrán kan ló ba tirẹ̀ jẹ́. Kí ló wá kan akéwì Vietnam nínú ọ̀rọ̀ arẹwà Ṣáínà? Ṣé ẹwà rẹ̀ ni wọ́n ń yìn? Ẹnì kan nínú wa ní ká kúkú fi Mọrèmí rọ́pò rẹ̀ kó lè tètè yé àwọn tó máa gbọ́. Ṣé ó bọ́ sí i?

Ìbéèrè mẹ́ta ni ẹ kó pọ̀, mo sì rí i pé ti Mọrèmí ló ń jẹ yín lọ́kàn jù, torí òun ló kan iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ yín. A máa dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè mọ ohun tí a ó fi rọ́pò orúkọ kan bí a kò bá tíì mọ iṣẹ́ tí orúkọ náà ń ṣe níbi tó wà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbé kúrò lọ́kàn ni èrò pé torí ẹwà ni wọ́n ṣe ń dárúkọ obìnrin yìí. Arẹwà pọ̀ nínú ìwé Ṣáínà, àwọn akéwì Vietnam sì mọ gbogbo wọn. Bí wọ́n bá mú Chiêu Quân láàárín wọn, àrokò ni wọ́n fi ń ránṣẹ́. Ẹni tó bá mọ àrokò náà kà yóò mọ̀ pé wọ́n ti fa ẹnì kan kalẹ̀ fún àjèjì, pé ẹni tó yẹ kó dáàbò bò ó gan-an ló fà á kalẹ̀, àti pé ẹni náà ń wẹ̀yìn bó ti ń lọ. Ní ibikíbi tí ẹ bá ti rí orúkọ yìí, ìbéèrè tó yẹ kó wá sí yín lọ́kàn ni pé: ta ló fà á kalẹ̀, kí ló sì gbà?

Ẹ jẹ́ ká ti ìwé ìtàn bẹ̀rẹ̀. Obìnrin náà gbé ayé lóòótọ́. Wang ni orúkọ ìdílé rẹ̀, Qiang ni wọ́n sọ ọ́, Zhaojun sì ni orúkọ tí wọ́n fi ń pọ́n ọn lé. Ohùn tiwọn ni àwọn ará Vietnam fi ń ka àwọn lẹ́tà Ṣáínà kan náà, ló fi di Vương Tường àti Chiêu Quân lẹ́nu wọn. Ní ọdún 33 ṣáájú ìbí Kristi, Huhanye tó jẹ́ ọba àwọn Xiongnu, àwọn darandaran ẹlẹ́ṣin tó wà ní àríwá, wá kí Ọba Yuan ti ìdílé Han ní ààfin rẹ̀ ní Chang'an, ó sì ní òun fẹ́ di àna ààfin. Ọba Yuan fún un ní Wang Qiang, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó ń gbé ààfin láìtíì fojú kan ọba. Ìwé ìtàn ìdílé Han kò ní ju ọ̀rọ̀ díẹ̀ lọ lórí rẹ̀. Ó lọ, ó bí ọmọkùnrin kan fún Huhanye. Huhanye kú ní ọdún 31 ṣáájú ìbí Kristi, ọmọ rẹ̀ tí ìyàwó mìíràn bí gorí oyè, ó sì ṣú obìnrin náà lópó. Ó bí ọmọbìnrin méjì fún ìyẹn náà. Ìwé ìtàn kejì, tí wọ́n kọ ní ọ̀rúndún karùn-ún lẹ́yìn ìbí Kristi, ló fi kún un pé ó ti bínú nítorí ọ̀pọ̀ ọdún tó lò láàfin láìrí ọba, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n fi òun ránṣẹ́. Àti pé nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ó kọ̀wé sílé pé òun fẹ́ padà wá, ọba tuntun sì dá a lóhùn pé kó máa tẹ̀ lé àṣà ibi tó wà.

Ọ̀rọ̀ opó ṣíṣú yìí, ẹ fi í sọ́kàn. Lójú àwa tí a mọ àṣà náà nílé, kò ní jọ ohun tó yẹ kí ayé tìtorí rẹ̀ dàrú. Lójú àwọn ọ̀mọ̀wé tó fi ẹ̀kọ́ Confucius tọ́ ara wọn dàgbà, ní Ṣáínà àti ní Vietnam, kí ọmọ fẹ́ ìyàwó baba rẹ̀ jẹ́ ìríra tí ẹnu kò gbọdọ̀ sọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn akéwì ìgbẹ̀yìn fi pa á tì, tí ọ̀pọ̀ wọn sì fi jẹ́ kí Chiêu Quân kú sínú odò kó tó dé ilé ọkọ. Obìnrin tó bí ọmọ mẹ́ta tó sì gbé ayé rẹ̀ láàárín àwọn Xiongnu kò wúlò fún àrokò tí wọ́n fẹ́ rán. Wọ́n nílò ẹni tó dúró sí ẹnubodè títí láé.

Ayàwòrán tí ẹ kà nípa rẹ̀ kò sí nínú ìwé ìtàn méjèèjì. Inú àkójọ ìtàn ààfin kan tí wọ́n ń pè ní Xijing zaji ló ti jáde. Níbẹ̀, wọ́n ní obìnrin ààfin pọ̀ débi pé àwòrán wọn ni ọba fi ń yan ẹni tí yóò bá sùn. Àwọn obìnrin wá ń fún àwọn ayàwòrán ní rìbá, ẹlòmíràn 100,000 owó, ẹni tó san kékeré jù kò sì dín ní 50,000. Wang Qiang nìkan ló kọ̀ tí kò san kọ́bọ̀, ni wọ́n bá ya àwòrán rẹ̀ ní bàjẹ́bàjẹ́. Ọjọ́ tó ń lọ gan-an ni ọba tó fojú kàn án, tó rí i pé kò sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láàfin, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ti wọ ìwé, ọba kò sì fẹ́ yẹ àdéhùn lójú àjèjì. Ó wá bínú pa àwọn ayàwòrán. Wọ́n tó mẹ́fà tí ìwé náà dárúkọ. Àwọn òǹkọ̀wé ìgbẹ̀yìn ló kó gbogbo ẹ̀bi lé Mao Yanshou nìkan lórí, ẹni tí Vietnam ń pè ní Mao Diên Thọ. Ẹ wo ohun tí ìtàn náà ṣe: ọba tó fúnra rẹ̀ fa obìnrin kalẹ̀ di ẹni tí wọ́n tàn jẹ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n níbi yìí orí ọmọ wọ́, wọ́n sì ní ẹni tó ń ya àwòrán ló fà á.

Ohun èlò orin tó máa ń wà láyà rẹ̀ nínú gbogbo àwòrán náà ní ìtàn tirẹ̀. Pipa ni wọ́n ń pè é, tỳ bà ní Vietnam, olókùn mẹ́rin. Kò sí ìwé ìtàn tó sọ pé Wang Qiang mọ̀ ọ́n ta. Akéwì kan, Shi Chong, tó gbé ayé láti 249 sí 300, kọ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ewì rẹ̀ pé nígbà tí wọ́n ń sin ọmọ ọba mìíràn lọ sílé ọkọ ní ilẹ̀ Wusun, wọ́n ní kí àwọn olórin máa ta pipa lórí ẹṣin láti tù ú nínú lójú ọ̀nà, ó sì ní bó ṣe ní láti rí fún obìnrin tiwa náà nìyẹn. "Ó ní láti rí bẹ́ẹ̀" ni gbogbo ẹ̀rí tó wà. Nígbà tó yá, ohun èlò kúrò lọ́wọ́ àwọn olórin, ó bọ́ sí ọwọ́ ìyàwó. Láti ọwọ́ Shi Chong kan náà la ti rí orúkọ rẹ̀ mìíràn: nítorí pé "Zhao" wà nínú orúkọ baba ọba tó dá ìdílé Jin sílẹ̀, èèwọ̀ ni láti pè é, ó wá sọ ọ́ di Mingjun. Bí ẹ bá rí Minh Phi tàbí Minh Quân nínú ewì Vietnam, òun náà ni.

Nísinsìnyí, Vietnam. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí àkọlé. Ní Ṣáínà, orúkọ tí ìtàn yìí ń jẹ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn ni "Zhaojun jáde kọjá ẹnubodè". Ní Vietnam, "Chiêu Quân cống Hồ" ni, ó sì jẹ́ àkọlé ewì ìtàn gígùn ní èdè wọn àti ti eré orí ìtàgé. Hồ ni orúkọ gbogboogbò tí àwọn Han fi ń pe àwọn darandaran àríwá. Cống ni ìṣákọ́lẹ̀, ohun tí ẹni tó wà lábẹ́ ń gbé lọ fún ẹni tó wà lókè. Ọ̀rọ̀ kan yẹn yí gbogbo ìtàn padà, torí ní ọdún 33 yẹn Huhanye ló wá wólẹ̀ ní Chang'an. Ìjà abẹ́lé ti fọ́ àwọn Xiongnu sí wẹ́wẹ́, Han kò sì bẹ̀rù wọn. Yíyí tí ìtàn yí padà ti bẹ̀rẹ̀ ní Ṣáínà fúnra rẹ̀: Ma Zhiyuan, tó kọ eré lórí rẹ̀ nígbà tí àwọn Mongol ń jọba lé wọn lórí, fi ààfin Han hàn bí ààfin ọ̀lẹ tí ẹ̀rù ń bà. Àwọn ará Vietnam wá gbé ìtìjú náà sínú àkọlé gan-an. Ìṣákọ́lẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán fún wọn. Ọ̀rúndún lẹ́yìn ọ̀rúndún ni ikọ̀ ọba wọn ń gbé e lọ fún ọba Ṣáínà.

Ọdún 1306 ni ìtàn náà bọ́ sílẹ̀ Vietnam gbọ̀ngbọ̀n. Trần Nhân Tông, ọba tó ti fi oyè sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ tó sì ti di mọ́ńkì, lọ sí Champa, ìjọba tó wà ní gúúsù wọn, ní ọdún 1301, ó sì ṣèlérí ọmọbìnrin rẹ̀ fún ọba ibẹ̀, Chế Mân. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, Ọba Trần Anh Tông fa àbúrò rẹ̀ náà, Huyền Trân, fún Chế Mân, Chế Mân sì fi ilẹ̀ méjì, Ô àti Lý, ṣe ìdána. Ìwé ìtàn ńlá tí Ngô Sĩ Liên parí ní ọdún 1479 sọ pé ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé láàfin àti lẹ́yìn ààfin mú ìtàn ọba Han tó fi Chiêu Quân fún Xiongnu, wọ́n fi kọ ewì ní èdè ìlú láti fi bú ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀nà tí àrokò ń gbà ṣiṣẹ́ gan-an nìyí. Ta ni yóò kọ ọ́ sójú ìwé pé Ọba Trần ta àbúrò rẹ̀? Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè mú èèyàn torí pé ó sọ̀kò ọ̀rọ̀ lu ọba Han tó ti kú láti ẹgbẹ̀rún ọdún ó lé.

Ẹ fojú sí "ní èdè ìlú". Èdè Ṣáínà ni àwọn ọ̀mọ̀wé wọn ń fi kọ̀wé nígbà náà. Nôm, ìlànà tí wọ́n fi lẹ́tà bíi ti Ṣáínà kọ èdè Vietnam fúnra rẹ̀, ṣì jẹ́ ọmọ tuntun. Ọdún 1282 ni ìwé ìtàn kan náà kọ́kọ́ gbé ewì èdè ìlú lé ẹnì kan lórúkọ. Ọdún 24 péré lẹ́yìn rẹ̀, Chiêu Quân ti wà lẹ́nu wọn. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹrù àyálò ni, pé Vietnam kàn ń da Ṣáínà kọ, ẹ sọ fún un pé ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ láti sọ̀rọ̀ lórí ìwé ní ohùn ara wọn ni wọ́n ti ń fi orúkọ rẹ̀ bá ọba tiwọn wí. Nígbà tó yá, àkójọ ewì Nôm kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àádọ́ta jáde lórí òun nìkan, Vương Tường ni wọ́n ń pè é, láìsí orúkọ ẹni tó kọ ọ́.

Àfiwé náà kò sì bára mu délẹ̀délẹ̀. Chế Mân kú ní ọdún 1307. Wọ́n rán Trần Khắc Chung lọ mú Huyền Trân padà nítorí ẹ̀rù pé wọ́n á sun ún pẹ̀lú òkú ọkọ rẹ̀, ó sì délé ní 1308. Ilẹ̀ Ô àti Lý ti di Thuận àti Hóa, agbègbè tí ìlú Huế wà títí dòní. Chiêu Quân kò mú ilẹ̀ wálé, òun náà kò sì wálé. Huyền Trân mú ilẹ̀ wá, ó tún padà wá. Síbẹ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé rí obìnrin kan náà nínú àwọn méjèèjì, torí ohun tó ká wọn lára ni bí ọwọ́ ṣe fà á kalẹ̀, kì í ṣe èrè tó ti ibẹ̀ wá. Ohun kan wà níbẹ̀ tí n kò ní bò mọ́lẹ̀ fún yín. Nígbà tí Vietnam bá pe ọmọ tirẹ̀ ní Chiêu Quân, àga Han ló gbé ara rẹ̀ lé, Champa sì wá di Hồ, di ará oko. Champa yìí ló kọ́ àwọn ilé òrìṣà Mỹ Sơn, ìjọba àtayébáyé ni. Orin àwọn ará ìlú tí wọ́n so mọ́ Huyền Trân ń kẹ́dùn igi olóòórùn dídùn tó wà láàárín igbó tí àwọn ará òkè wá ń gùn. Ẹ̀gàn wà nínú orin náà pẹ̀lú ìkẹ́dùn rẹ̀, ẹni tó bá sì ń túmọ̀ kò gbọdọ̀ fi ọ̀kan sílẹ̀ kó mú èkejì.

Pẹ̀lú gbogbo èyí lẹ́yìn wa, a lè padà sí ibi tí ẹ dé. Ìlà 3,254 ni Truyện Kiều, ní ìlànà lục bát, ìyẹn mẹ́fà-mẹ́jọ: ìlà kan ní sílébù mẹ́fà, èyí tó tẹ̀ lé e ní mẹ́jọ. Sílébù kẹfà ìlà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ dún pọ̀ mọ́ ìkẹfà ìlà kejì. Ìkẹjọ ìlà kejì yóò sì fa ìlà tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìlà méjèèjì náà nìyí:

Quá quan này khúc Chiêu Quân,
Nửa phần luyến chúa, nửa phần tư gia.

Quân bá phần dún pọ̀, gia sì ń dúró de ọ̀rọ̀ tí yóò bá a dún, èyí tó dé nínú ìlà tó kàn, bay qua, "fò kọjá", níbi tí ó ti ń fi ohùn okùn wé igbe ẹyẹ. Quá quan ni kíkọjá ẹnubodè. Luyến chúa ni kí ọkàn máa fà sí olúwa ẹni, tư gia ni ríronú ilé. Ẹ rí bí Nguyễn Du ṣe la ìlà kejì sí méjì gẹ́ẹ́, sílébù mẹ́rin síhìn-ín, mẹ́rin sọ́hùn-ún, tó sì tún fi nửa phần, "ìdajì", bẹ̀rẹ̀ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Wọ́n fa obìnrin náà ya ní àárín ìlà. Àní ohùn ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, èyí tí ó yẹ kó dùn mọ́ àwa olóhùn: òfin lục bát ní kí sílébù kẹfà àti ìkẹjọ ìlà gígùn jẹ́ ohùn pẹrẹsẹ méjèèjì, ṣùgbọ́n kí ọ̀kan lọ sílẹ̀ kí èkejì dúró. Phần lọ sílẹ̀, gia dúró.

Orin mẹ́rin ni Kiều ta ní alẹ́ yẹn, ti Chiêu Quân ló gbẹ̀yìn. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ogun Han àti Chu, ó ta orin ìfẹ́ Tư Mã, ó ta èyí tí Kê Khang ta kí wọ́n tó pa á, ó wá parí sí ẹnubodè. Ìfẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rúwé láàárín òun àti Kim Trọng, ilé baba rẹ̀ wà ní àlàáfíà, ìdí sì nìyẹn tí Kim Trọng fi bi í pé kí ló dé tó ń yan orin tó ń ba ọkàn jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni wọ́n mú baba àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó sì ta ara rẹ̀ láti rà wọ́n padà. Wọ́n ná an bí ẹní ń ná ẹran lọ́jà, wọ́n yọ ọ̀kan, wọ́n fi méjì lé e, ó dúró sí wúrà 400 ó lé díẹ̀. Orúkọ Chiêu Quân ti sọ ọ́ fún òǹkàwé tó mọ àrokò kà pé wọn yóò fa ọmọbìnrin yìí kalẹ̀. Bí ẹ bá túmọ̀ ibẹ̀ bí ẹni pé ìyìn ẹwà ni, ẹ ti gbé àmì náà sọnù.

Àmì náà sì tún padà wá níbi tó burú jù. Nígbà tí gómìnà Hồ Tôn Hiến fi ẹ̀tàn pa Từ Hải, ọkọ Kiều, ó ní kí Kiều ta ohun èlò fún òun níbi àsè ìṣẹ́gun. Nguyễn Du ní okùn mẹ́rin ló ń kán ẹ̀jẹ̀ sí orí ìka márùn-ún. Okùn mẹ́rin: tỳ bà Chiêu Quân nìyẹn. Àwọn kan máa ń fi hàn pé Hồ inú orúkọ gómìnà náà àti Hồ tó túmọ̀ sí ará àríwá jẹ́ lẹ́tà kan náà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ má gbé ilé lé e lórí: òṣìṣẹ́ ọba Ming kan tó gbé ayé rí ló ni orúkọ náà, inú ìwé Ṣáínà tí Nguyễn Du gbé ìtàn rẹ̀ kà ló sì ti bá a. Ohun tó dájú ni pé aṣojú ọba ló jókòó síbi tí ó yẹ kí ọ̀tá jókòó sí.

Ní ti luyến chúa, ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé Nguyễn Du ń sọ ti ara rẹ̀, torí ìdílé rẹ̀ sin àwọn ọba Lê, òun sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìdílé Nguyễn tuntun ní ọdún 1802. Ó bọ́gbọ́n mu. Ewì náà fàyè gbà á, ṣùgbọ́n kò wí i, n kò sì ní fi sínú ìtumọ̀. Ibi tó ti sọ ọkàn rẹ̀ sójú táyé jẹ́ ibòmíràn. Nígbà tí wọ́n rán an ní ikọ̀ lọ sí Ṣáínà ní 1813, ó kọ ewì nípa ìlú Dương Phi, arẹwà mìíràn tí wọ́n ní ó ba ìjọba Tang jẹ́, ó sì sọ níbẹ̀ pé gbogbo ìgbìmọ̀ ọba ló dúró láìwúlò, tí wọ́n wá fi ẹ̀ṣẹ̀ wíwó ìlú di obìnrin lórí títí ayé lásán. Ẹni tó kọ ìyẹn kò lè máa dárúkọ Chiêu Quân nítorí ojú rẹ̀ tó gún.

Ìwé méjì mìíràn wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Nínú Nhị độ mai, òṣìṣẹ́ ọba burúkú kan, Lư Kỷ, mú kí wọ́n fa Hạnh Nguyên fún àjèjì àríwá. Lójú ọ̀nà, ó dé ojúbọ Chiêu Quân, ó sì fò láti orí òkè. Ẹ̀mí Chiêu Quân fúnra rẹ̀ ló gbá a mú tó sì gbé e padà sí ilẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí wọn kò mú padà ló ń mú ẹlòmíràn padà. Nguyễn Đình Chiểu, akéwì afọ́jú ará gúúsù (1822–1888), wá kọ Lục Vân Tiên, níbi tí wọ́n ti fa Kiều Nguyệt Nga fún ilẹ̀ Ô Qua nítorí pé baba rẹ̀ kọ̀ láti fi í fún ọmọ olóyè ńlá kan. Nguyệt Nga fúnra rẹ̀ dárúkọ Chiêu Quân àti Hạnh Nguyên, ó sì dárúkọ Diên Thọ àti Lư Kỷ tó fà á. Ohun tó wú mi lórí jù ni ti àwòrán. Àwòrán tí ọkùnrin oníwọra yà ló pa Chiêu Quân lára. Nguyệt Nga ya àwòrán tirẹ̀, ti Vân Tiên tó fẹ́ràn, ó gbé e kọ́ ara, ó sì bẹ́ sódò pẹ̀lú rẹ̀. Òrìṣà Quan Âm gbà á là. Nguyễn Đình Chiểu gba ọ̀dà lọ́wọ́ ẹni tó ń gba rìbá, ó fi lé obìnrin lọ́wọ́.

Ibi tí ẹwà nìkan wà náà ò ṣàìsí. Nguyễn Gia Thiều, nínú Cung oán ngâm khúc, ní ẹja rì sísàlẹ̀ omi, ẹyẹ nhạn sì já bọ́ láti ojú ọ̀run nítorí arẹwà; ẹja jẹ́ ti Tây Thi, arẹwà Ṣáínà mìíràn, ẹyẹ jẹ́ ti Chiêu Quân. Àwọn ará ìlú sọ ọ́ di àkànlò èdè, chim sa cá lặn, tí wọ́n fi ń yin ọmọbìnrin tó rẹwà, láìrántí Chiêu Quân rárá. Tản Đà (1889–1939) ló dá ìrántí padà, nínú ọ̀rọ̀ ìrúbọ tó kọ fún un. Ẹ̀dà rẹ̀ ní èdè Vietnam pè é ní cô, bí a ṣe ń pe ọ̀dọ́mọbìnrin tí a mọ̀, ó ní òun ló rẹwà jù láyé, kádàrá rẹ̀ sì tín-ín-rín. Ìjọba Faransé ló wà lórí wọn nígbà náà.

Bí ẹ bá ń ka ewì mìíràn, orúkọ rẹ̀ lè má hàn. Ẹ máa wá ẹnubodè, ẹyẹ nhạn, tỳ bà lórí ẹṣin, àwòrán, tàbí ibojì tí koríko rẹ̀ ń tutù yọ̀yọ̀. Ibojì àwòyanu yẹn wà nítòsí Hohhot ní ilẹ̀ Mongolia ti Ṣáínà. Ọ̀kan nínú wọn kò tó ẹ̀rí. Bí méjì bá pàdé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun. Ẹ ṣọ́ra fún Thái Văn Cơ, tí òun náà gbé láàárín àwọn Xiongnu pẹ̀lú ohun èlò orin, ṣùgbọ́n ogun ló kó o lọ, wọ́n sì rà á padà.

Ó ku ti Mọrèmí. Ẹ má ṣe é. Mọrèmí fúnra rẹ̀ ló gbé ète kalẹ̀, ó jẹ́ kí ọ̀tá mú òun, ó jí àṣírí wọn, ó sì padà sí Ilé-Ifẹ̀. Bí ẹ bá pe orúkọ rẹ̀ níbi yìí, gbogbo olùgbọ́ yóò máa dúró de ọgbọ́n àti ìpadàbọ̀, ìkejì kò sì ní dé láé. Bó bá jẹ́ Tây Thi ni, tí ìlú Yue rán lọ da orí ọba Wu rú, ọ̀rọ̀ náà ìbá tún ṣe é gbọ́. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ fi orúkọ sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ sì ṣàlàyé rẹ̀ nísàlẹ̀ ìwé. Ìyẹn dára fún ẹni tó ń fojú kà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ń kà á sókè. Ohun tí èmi yóò ṣe ni kí n fi orúkọ sílẹ̀, kí n wá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sínú ìlà tó máa jẹ́ kí ọwọ́ tó ń fà á hàn:

Orin Chiêu Quân rèé, bí wọ́n ti ń mú un kọjá ẹnubodè:
ìdajì ọkàn ń ṣàárò ọba, ìdajì ọkàn ń ro ilé.

"Wọ́n ń mú un" kò sí nínú ewì Nguyễn Du. Èmi ni mo fi kún un, torí òǹkàwé rẹ̀ ti mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀, tiyín kò mọ̀. Ẹ má lo "Olúwa" fún chúa, ọkàn àwọn èèyàn yín yóò lọ sí ìjọ. Ẹ jẹ́ kí "ìdajì" wà lẹ́ẹ̀mejì bó ti wù kó rí, ẹ má gé e kúrú. Sílébù kò lè bára dọ́gba pẹ̀lú tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọba parí sí ohùn àárín, ilé parí sí ohùn òkè, kí ẹni tó ń kà á jẹ́ kí ohùn òkè yẹn dún díẹ̀ kó tó bọ́ sí ìlà ẹyẹ. Bí ẹnì kan bá dá ọ̀rọ̀ mọ́ yín lẹ́nu pé ta ló ń mú un lọ, ẹ sọ ti Ọba Yuan fún un kí ẹ tó máa kà á lọ.